Windows ti wà níbẹ̀, mo fẹ́ gbé Linux sí i: ṣé wọ́n á lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan láìjà?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Windows 11 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, SSD kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, 512GB, mi ò sì tíì lò tó ìdajì. Mo fẹ́ gbé Linux sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ torí kóòdù tí mò ń kọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè yọ Windows kúrò, àwọn sọ́fítíwíà kan tí mò ń lò níbi iṣẹ́ ò sí fún Linux. Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò papọ̀. Àwọn kan ní kí n pa Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó fẹ́ tan ẹ̀rọ wò bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí i), àwọn kan ní tí mo bá pa á mo gbé. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí Linux fúnra ẹ̀ pín díìsìkì, àwọn kan ní àfi kí n fọwọ́ ara mi pín in. Ẹnì kan tiẹ̀ ní dual boot (kí Windows àti Linux jọ wà lórí ẹ̀rọ kan) ti di nǹkan àtijọ́, kí n lọ lo virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣí nínú Windows. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Fáìlì mi ni mò ń bẹ̀rù o, mi ò bẹ̀rù iṣẹ́.

*

Èsì 1

Àbúrò, jẹ́ ká ti ìparí ọ̀rọ̀ ẹ bẹ̀rẹ̀. Fáìlì ẹ lò ń bẹ̀rù, o sì jàre. Gbogbo ohun tó bá máa dùn ẹ́ tó bá sọnù, kó o sórí díìsìkì mìíràn, èyí tó ṣeé yọ kúrò lára ẹ̀rọ, kì í ṣe D: tó wà nínú SSD kan náà o, torí mo mọ àwọn tó ń pe ìyẹn ní bákáàpù. Tó o bá ti ṣe é tán, ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni kí ọjọ́ kan ṣòfò.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn ti yà nìyí: wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé Linux ló ń ba Windows jẹ́. Rárá o. Ìnstọ́ọ̀là Linux òde òní mọ Windows dáadáa, tó o bá fún un ní àyè tó ṣófo, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí. Windows tí wọn ò múra ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, inú Windows lo ti máa ṣe é kó o tó dé ọ̀dọ̀ Linux rárá.

BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, ni àkọ́kọ́. Má sọ fún mi pé o ò tan BitLocker rí, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun ń tan án fúnra wọn, Device encryption ni wọ́n kọ sí i nínú Settings, tó bá jẹ́ àkáǹtì Microsoft lo fi wọlé lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kó ti ti díìsìkì ẹ pa láìbi ẹ́ léèrè. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 48. Lọ wá a jáde nínú àkáǹtì ẹ, kọ ọ́ sórí ìwé tàbí kó o fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìdí ni pé tó o bá ti yí nǹkan padà nínú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan) tàbí nínú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà tan, TPM, ṣíìpù ààbò inú ẹ̀rọ, á rí i, Windows á sì gbé ojú búlúù kan jáde pé kó o mú nọ́ńbà 48 yẹn wá. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o, ó kàn ń ṣọ́ra ni. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á tẹ̀ ẹ́, á wọlé. Ẹni tí ò ní, fáìlì ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí ọ̀gá kan tó lè bá a ṣí i. Tó o bá rí ibi tí wọ́n kọ Suspend protection sí, tẹ̀ ẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Fast Startup ló tẹ̀ lé e, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Tó o bá tẹ Shut down, Windows ò kú tán. Ó tọ́jú apá kan ara ẹ̀ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys kó lè tètè jí, ìpín C: yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Linux á débẹ̀, á rí i pé ẹnì kan ṣì mú un dání, á ní òun ò ṣí i, tàbí kó ṣí i fún kíkà nìkan. Àwọn alágídí á wá fipá ṣí i, wọ́n á kọ nǹkan síbẹ̀, Windows á jí, á rí i pé ohun tóun fi sílẹ̀ kọ́ nìyí, fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Wọ́n á wá ní Linux ló jẹ ẹ́. Lọ sí Power Options nínú Control Panel kó o pa á, tàbí kó o ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator kó o tẹ `powercfg /h off`, ìyẹn á pa hibernate pẹ̀lú, á sì dá àyè díẹ̀ padà fún ẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn lo wá máa gé C: kù. Disk Management, tẹ C: ní ọ̀tún, Shrink Volume. Ó lè sọ fún ẹ pé 20GB péré lo lè gé nígbà tí 300GB ṣófo, má bínú, àwọn fáìlì kan ló wà láàárín tí Windows ò lè sún: hiberfil.sys yẹn, pagefile, àti ti System Restore. Pa wọ́n fúngbà díẹ̀, rísítáàtì, gé e, kó o tún tan pagefile àti System Restore padà. Àyè tó bá jáde, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa jẹ́ Unallocated. Má fọ́ọ̀màtì ẹ̀, má fún un ní lẹ́tà kankan. Tún rísítáàtì Windows lẹ́ẹ̀kan sí i kó o rí i pé ó ṣì ń wọlé dáadáa.

*

Èsì 2

> Gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀ jù, ẹ pa Secure Boot, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó parí.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ ọ́. Ìmọ̀ràn yìí dáa ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí Linux púpọ̀ ò tíì ní ọ̀nà láti kọjá Secure Boot. Lóde òní Ubuntu, Fedora, Debian, openSUSE, Mint, gbogbo wọn ló ní shim, ètò kékeré tó ń ṣílẹ̀kùn fún Linux, tí Microsoft ti fọwọ́ sí, ẹ̀rọ á gbà wọ́n wọlé láìjanpata. Arch àti àwọn tó jọ ọ́ ni wọn ò ṣètò ẹ̀ fún ẹ, ẹni tó bá sì ń lo Arch ti mọ ohun tó ń wá lọ síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí pípa á ń fà. BitLocker á béèrè kọ́kọ́rọ́, a ti sọ ìyẹn. Àwọn géèmù kan, Valorant jẹ́ ọ̀kan, ò ní ṣí lórí Windows 11 mọ́. Tí ilé iṣẹ́ ẹ bá sì ń ṣàyẹ̀wò láptọ́ọ̀pù kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, o ti kó ara ẹ sí ìjọ̀ngbọ̀n nìyẹn.

Ibi tó ti máa ń dun àwọn èèyàn ni kaádì àwòrán NVIDIA. Dẹ́ráífà ẹ̀ kì í sábà ní àmì tí Secure Boot mọ̀, torí náà ìnstọ́ọ̀là á ní kó o dá páswọ́ọ̀dù kan, tó o bá rísítáàtì ojú búlúù mìíràn á jáde tó ń jẹ́ MOK management. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló máa fi dúró dè ẹ́. Ọ̀pọ̀ ò mọ ohun tó jẹ́, wọ́n á tẹ Continue boot kíákíá, dẹ́ráífà ò ní wọlé, wọ́n á wá ní Linux ò mọ NVIDIA. Enroll MOK ni kó o yàn, tẹ páswọ́ọ̀dù tó o dá yẹn, ó tán.

Ẹni tó bá ti gbìyànjú gbogbo ẹ̀ tó ṣì ń kọ̀, kó pa á. Mi ò ní èèwọ̀ ni. Mo ní kó má jẹ́ ohun àkọ́kọ́ téèyàn máa ṣe.

*

Èsì 3

Ó kan ọ̀rọ̀ pínpín díìsìkì, ibi tí ìjà pọ̀ sí.

Ẹgbẹ́ kan ní "Install alongside" ti tó, òmíràn ní àfi ọwọ́. Ní tèmi o, tó o bá ti gé C: láti inú Windows bí mo ṣe sọ, ìjà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí ohun tó léwu nínú "alongside" ni pé Linux fúnra ẹ̀ ló máa sún Windows, tí BitLocker bá sì wà níbẹ̀ kò tiẹ̀ ní lè sún un rárá. Tí àyè bá ti ṣófo sílẹ̀, ọ̀nà méjèèjì á gbé ẹ débi kan náà. Èyí tó o gbọ́dọ̀ sá fún ni Erase disk. Ka ohun tó wà lójú kó o tó tẹ Next, ìnstọ́ọ̀là máa ń fi àwòrán hàn ẹ́ bí díìsìkì ṣe máa rí, tó ò bá rí ìpín NTFS ńlá (ti Windows nìyẹn) níbẹ̀ mọ́, padà sẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ lo fẹ́ fi pín in, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ìpín kékeré kan wà níwájú díìsìkì, FAT32, ó máa ń jẹ́ 100MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, EFI System Partition lorúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ ni Windows àti Linux ti ń gbé bí orogún tí yàrá wọn yàtọ̀, fódà kan ń jẹ́ Microsoft, èkejì ń jẹ́ ubuntu tàbí fedora, kò sí èyí tó ń wọ yàrá èkejì. Yan ìpín yẹn fún `/boot/efi`, ṣùgbọ́n MÁ FỌ́Ọ̀MÀTÌ Ẹ̀. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù kan wá bá mi rí tí ẹni tó ni ín ti fi àmì sí Format níbẹ̀ torí ó rò pé ìpín tuntun gbọ́dọ̀ mọ́ kí Linux tó gbà á. Fáìlì Windows pé síbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọnù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àtiwọlé mọ́. Fíláàṣì Windows la fi tún un ṣe, `bcdboot` ló kọ fódà Microsoft padà. Kò le, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ni ẹ̀rọ ti pọ́n kó tó débẹ̀.

Ìyókù rọrùn. Ìpín ext4 (irú ìpín tí Linux ń lò) kan fún `/`, ibi tí Linux fúnra ẹ̀ máa wà. Ubuntu ní 25GB ti tó, èmi á ní 80GB sókè fún ẹni tó ń kọ kóòdù, torí Docker nìkan lè jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Swap (àyè tí Linux fi ń ran RAM lọ́wọ́): Ubuntu ń lo fáìlì fún un, o ò nílò ìpín tirẹ̀. `/home` (ibi tí fáìlì tìẹ ń wà) ní ìpín ọ̀tọ̀? Àwọn àgbà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí wọ́n lè pa `/` rẹ́ kí fáìlì wọn má lọ. Lórí SSD kan tí Windows ti gba ìdajì ẹ̀, mi ò ní ṣe é, wàá kàn há ara ẹ mọ́ ni, apá kan á kún nígbà tí èkejì ṣófo.

Ohun kan tó tún ṣe pàtàkì: lọ́jọ́ tó o bá padà sínú Disk Management wàá rí ìpín ńlá kan tí kò lórúkọ, tí kò ní lẹ́tà. Linux ẹ nìyẹn. Windows ò mọ ext4. Má pa á rẹ́ pé àyè ń ṣòfò.

*

Èsì 4

> Dual boot ti di nǹkan àtijọ́, WSL ti wà.

Ká má parọ́ fúnra wa, ẹni tó sọ èyí ò jẹ̀bi. WSL, Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows fúnra ẹ̀, ti wà láti 2016, tó bá jẹ́ pé Python, Node, git àti terminal nìkan lo fẹ́, WSL2 á ṣe é, o ò ní fọwọ́ kan díìsìkì rárá. Àbúrò, tó bá jẹ́ bí tìẹ ṣe rí nìyẹn, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, má jẹ́ kó tì ẹ́ lójú.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi VirtualBox, sọ́fítíwíà virtual machine, dá gbogbo èèyàn lóhùn ń mú mi bínú díẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tí RAM ẹ̀ jẹ́ 8GB, OS méjì (ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Windows àti Linux) tó ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà túmọ̀ sí pé kò sí èyí tó máa jẹun yó nínú wọn. Tó bá jẹ́ pé Linux fúnra ẹ̀ lo fẹ́ mọ̀, bó ṣe ń bá Wi-Fi sọ̀rọ̀, bó ṣe ń lo kaádì àwòrán, bí bátìrì ẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí, inú virtual machine kọ́ lo ti máa rí i. Fíláàṣì lo ti máa rí i. Fi sọ́fítíwíà Ventoy tàbí Rufus kọ ISO (fáìlì ìnstọ́ọ̀là Linux) sórí fíláàṣì, fi tan ẹ̀rọ, yan Try, lò ó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Tí Wi-Fi ò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò ní ṣàdédé ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìnstọ́ọ̀lù, o ti mọ̀ ṣáájú. Fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, tan tethering, íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé kó o fi wá dẹ́ráífà.

Àwọn tó ní kó ra SSD kejì, ẹ ṣeun. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó bá sì ní méjì, kó yọ ti Windows sílẹ̀ tó bá ṣeé yọ, torí àwọn ìnstọ́ọ̀là kan ti máa ń lọ fi GRUB (ètò tó ń tan Linux, tó sì ń jẹ́ kó o yan OS) sínú EFI díìsìkì àkọ́kọ́ láìka èyí tó o yàn sí.

*

Èsì 5

Ẹni tó béèrè pé aago òun ń yí padà ní gbogbo ìgbà tóun bá kúrò ní Linux bọ́ sí Windows: kò sí àìsàn kankan lára ẹ̀rọ ẹ. Windows gbà pé aago inú mọ́dábọ́ọ̀dù ń sọ àsìkò ibi tó o wà, Linux gbà pé UTC, àsìkò àgbáyé, ló ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ gbà fún èkejì. Ọ̀nà kúkúrú ni kó o tẹ `timedatectl set-local-rtc 1` nínú Linux. Linux á kùn, á kọ ìkìlọ̀ sí ẹ, ìkìlọ̀ yẹn sì nítumọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sún aago síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí OS méjèèjì lè sún un. Níbi tí wọn kì í sún aago, mi ò rí aburú nínú ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń sún un, Windows ni kẹ́ ẹ yí, RealTimeIsUniversal nínú registry.

Bluetooth náà, kó má bàa yà yín lẹ́nu. Ẹ so hẹ́dífóònù mọ́ Linux, ẹ dé Windows kò mọ̀ yín mọ́. Ẹ̀rọ kan náà, àdírẹ́sì kan náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí OS kọ̀ọ̀kan bá a ṣe yàtọ̀. Ọ̀nà wà láti da kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan kọ sínú èkejì, èmi ò ní sùúrù ẹ̀.

Ta ló tún ń bi mí pé Ubuntu tàbí Mint? Ẹ lọ ṣí ọ̀rọ̀ yẹn síbòmíì, ilẹ̀ á ṣú.

*

Èsì 6

> Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, BitLocker, Fast Startup, mo ti gé 120GB. Mo dé inú ìnstọ́ọ̀là, kò rí SSD mi rárá, fíláàṣì nìkan ló rí.

Intel RST tàbí VMD nìyẹn, ó wọ́pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tó ní Intel. BIOS ló gbé díìsìkì pamọ́ sẹ́yìn ètò RAID kan. O ní láti yí i sí AHCI, ètò díìsìkì tí Linux mọ̀, tàbí kó o pa VMD. Má sáré lọ yí i lásán o, torí Windows tó ti mọ RAID lè kọ̀ láti tan tó bá bá AHCI pàdé lójijì. Wọ Windows, tẹ `bcdedit /set safeboot minimal` nínú Command Prompt administrator, rísítáàtì tààrà sínú BIOS, yí i sí AHCI, jẹ́ kí Windows tan nínú Safe Mode, ibẹ̀ ló ti máa mọ dẹ́ráífà tuntun. Wá tẹ `bcdedit /deletevalue safeboot`, rísítáàtì, ó ti bọ́ sípò. BitLocker á béèrè kọ́kọ́rọ́ ẹ níbí tó ò bá dá a dúró, wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà 48 ẹ.

*

Èsì 7

> Ó ti wọlé! Ṣùgbọ́n GRUB ò fi Windows hàn, Linux nìkan ló ń tan. Ẹnì kan tún ní àpdéètì Windows lè pa Linux lọ́jọ́ kan, ṣé òótọ́ ni? Tí mi ò bá sì fẹ́ Linux mọ́ ńkọ́?

Kú oríire. Windows ẹ wà níbẹ̀. Láti GRUB 2.06 tó jáde ní 2021 ni wọ́n ti pa os-prober tó ń wá OS mìíràn kiri, àwọn distro (oríṣi Linux) kan tún un tan, àwọn kan ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣí `/etc/default/grub`, fi `GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false` sí i, tẹ `sudo update-grub` tó bá jẹ́ Ubuntu tàbí Mint. Wàá rí Windows Boot Manager nínú ẹ̀. Kó o tó ṣe ìyẹn pàápàá, F12 tàbí bọ́tìnì tí ẹ̀rọ ẹ ń lò fún boot menu á gbé ẹ wọ Windows tààrà.

Ti àpdéètì, òótọ́ ni, ó ti ṣẹlẹ̀. Èyí tí Microsoft gbé jáde ní 13 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ Linux tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú ẹ̀rọ ni "SBAT self-check failed: Security Policy Violation". Àléébù kan nínú GRUB láti 2022 ni wọ́n fẹ́ dí, wọ́n ní kò ní kan ẹ̀rọ tó ní OS méjì, ó sì kàn án. Fáìlì ẹnikẹ́ni ò sọnù. Wọ́n pa Secure Boot fúngbà díẹ̀, wọ́n wọ Linux, wọ́n tẹ `sudo mokutil --set-sbat-policy delete`, wọ́n rísítáàtì, wọ́n tan Secure Boot padà. Èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù kò tó bẹ́ẹ̀: àpdéètì ńlá kàn lè gbé Windows padà sí ipò kìíní nínú boot order ni, o máa wọ BIOS, o máa gbé ubuntu sókè padà. Tọ́jú fíláàṣì Linux yẹn, má fọ́ọ̀màtì ẹ̀.

Tó o bá fẹ́ yọ Linux, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pípa ìpín ẹ̀ rẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ojú dúdú tí wọ́n kọ `grub>` sí. Wọ BIOS kọ́kọ́, gbé Windows Boot Manager sí ipò kìíní, rí i pé Windows ń tan tààrà. Ìgbà yẹn lo wá máa wọ Disk Management, pa ìpín Linux rẹ́, tẹ C: ní ọ̀tún, Extend Volume. Ọwọ́ ọ̀tún C: gan-an ni àyè yẹn wà torí ibẹ̀ lo ti gé e, á gbà á padà. Fódà ubuntu á ṣẹ́ kù nínú EFI, kò tóbi, kò ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ẹni tí ojú ẹ̀ ò gbà á ló máa ń lọ pa á rẹ́.